Orúkọ Kejì Nínú Ìwé Olúyọ̀lé

Àwọn èèyàn mi máa ń sọ pé mo mọ ara mi í yìn jù, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá ti kan iṣẹ́ mi. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dunjú, kí ló ń wolẹ̀ sí? Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Olúyọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti rí i pé àpò kọ̀ọ̀kan tó wọlé ní ìtàn tó ṣeé tọpa: oko tó ti wá, ẹni tó ni oko náà, ọjọ́ tí wọ́n ká a, iye ọjọ́ tó fi wà nínú oòrùn. Orí ohun tí wọ́n ń pè ní blockchain la ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Àwọn àgbẹ̀ wa ò ráyè fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ da ẹnu ara wọn láàmú. Ìwé Olúyọ̀lé ni wọ́n ń pè é, ó sì ti mọ́ èmi náà lẹ́nu.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pe àwọn àgbẹ̀ jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Challenge, èmi ni mo dìde láti ṣàlàyé. Bàbá kan béèrè pé kí ni ìwé tuntun yìí fi sàn ju èyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ti ń kọ bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Mo ní kí wọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń parí ìjà ilẹ̀ nílé. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń pè láti wá gbọ́ àdéhùn? Wọ́n ní rárá, gbogbo agbo ilé ni. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọ̀rọ̀ padà lọ́la. Mo ní ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Ohun tí a bá kọ síbí, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà níbi púpọ̀ láyé ló jọ ń gbọ́ ọ, kálukú wọn á sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ dání. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, àfi kó lọ máa bá gbogbo ẹlẹ́rìí yẹn sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní dá a lóhùn. Ohun tí a bá ti kọ, a ti kọ ọ́ nìyẹn, kò ṣeé pa rẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mi ò sì purọ́ fún wọn. Àbúrò mi ọkùnrin ń ta oògùn ní Dùgbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ojú lásán ló fi ń wo páálí oògùn, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á wá gbàdúrà. Ní báyìí, á fi fóònù wo àmì tó wà lára páálí náà, á sì rí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọkọ̀ tó gbé e, àti ilé ìkẹ́rùsí tó sùn sí. Lọ́jọ́ kan ìwé náà fi hàn án pé páálí oògùn ibà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di títà níbòmíràn. Kò fi àlàyé ṣòfò, ó dá a padà fún ẹni tó gbé e wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ aládùúgbò mi ní Bódìjà ń wá iṣẹ́ sílé iṣẹ́ kan lókè òkun. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á kọ lẹ́tà títí á fi rẹ̀ ẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Tirẹ̀ ti wà lórí irú ìwé yìí, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, kí ó tó mu tíì àárọ̀ rẹ̀ tán. Níbikíbi tí èèyàn bá ti ń béèrè pé ṣé òótọ́ ni, iṣẹ́ wà fún un níbẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àmọ́ ìwé ò lè mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Ibẹ̀ ni mo ti fẹsẹ̀ kọ.

Àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Àpáta, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí wọ́n fún mi láti forúkọ wọn sílẹ̀. Màá gbé fóònù dání, màá fẹsẹ̀ yí oko ká kí máàpù lè mú ààlà rẹ̀, màá wá béèrè ẹni tó ni oko. Ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló mú mi lọ sí oko tó wà lẹ́yìn odò. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sọdá. Èmi wọ bàtà mi sọdá, bàtà náà ò sì gbàgbé odò náà títí ọdún fi parí. Ó mọ gbogbo ibi tí wọ́n gbin pèrègún ààlà sí, ó mọ igi tí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú máa ń bà jẹ́ tí òjò bá pọ̀, ó ń gbá ewé kúrò nídìí wọn bí a ṣe ń kọjá. Mo bi í pé, "Ìyá, ta ló ni oko yìí?" Ó ní, "Bàbá wa ni."

Ọkọ rẹ̀ ti dolóògbé, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ni Bàbá wa tó ń wí yìí. Òun ni olórí ilé, oko tirẹ̀ sì wà lápá ìhín odò. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo bá wọn níwájú ilé lórí àga, mo kọ orúkọ wọn sí oko ìhín, mo kọ orúkọ wọn sí oko ọ̀hún, wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò sí méjèèjì. Wọ́n fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, mo jẹ ẹ́, mo wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn, inú mi dùn pé mo parí abúlé kan lọ́jọ́ kan.

Ọdún kejì ni lẹ́tà kan wọlé sí wa láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣe ṣokoléètì lókè òkun. Ó ti fi fóònù wo àmì ara àpò, ó sì rí i pé ẹ̀yìn odò yẹn ni kòkó náà ti wá. Ó ní òun ò tíì rí èyí tó ń ta sánsán báyẹn láti ọjọ́ tóun ti ń ra kòkó. Ó fẹ́ fọ́tò àgbẹ̀ náà, ó sì fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é kó tó sá a. Ọ̀gá mi fún mi ní fóònù kí n kà á fúnra mi. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ti rìn dé ìlú òyìnbó, ó sì ti padà wá kí mi.

Àpáta ni mo gbà lọ, nítorí Bàbá ò sí lábúlé mọ́ lásìkò yẹn. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, èémí ò sì já gaara, ọmọbìnrin wọn ti gbé wọn wá sílé rẹ̀ kí wọ́n lè sún mọ́ ilé ìwòsàn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jíṣẹ́ òyìnbó fún wọn, mo wá béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń bo kòkó mọ́ inú ewé. Bàbá wò mí títí.

"Ọmọ mi, ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti dé ẹ̀yìn odò yẹn kẹ́yìn. Ìyàwó wa ni kí o lọ bi."

Mo ní ṣùgbọ́n ìwé ní tiyín ni. Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ìwé? Mo ní ìyàwó yín ló sọ ọ́, ẹ̀yin náà sì tẹ àtàǹpàkò sí i. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ kó sọ?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń ṣàlàyé ìwé fún gbogbo ayé! Ṣé òyìnbó ni mí ni? Mọ́tò tí mo fi owó ara mi rà, tí ẹ̀gbọ́n mi bá wọ inú rẹ̀ tó ní mọ́tò yìí dára o, ta ló ni ín, ohun tó máa ń ti ẹnu mi jáde ni pé, "Tiyín ni." A ò kọ́ ọmọ kó máa dúró níwájú àgbà kó máa pariwo tèmi ni, tèmi ni. Ìyàwó ilé ló wá kù tí yóò sọ bẹ́ẹ̀, lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, fún àlejò tó gbé fóònù dání? Mo bi í ní ìbéèrè tó jẹ́ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọmọlúàbí ní fún un, mo wá mú ìdáhùn náà, mo fi pamọ́ síbi tí kò ti ṣeé pa rẹ́.

Ọmọbìnrin Bàbá sìn mí dé géètì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le sí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin tó wà ní Èkó ti ń mú àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá wo ẹ̀yìn odò. Wọ́n ti ń kọ́lé bọ̀ láti Àpáta, àwọn tó ń kọ́lé ò sì fi ojú kòkó wo kòkó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti wo àmì ara àpò, ó ti rí orúkọ bàbá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ jiyàn, blockchain pàápàá mọ̀ pé Dádì ló ni ín. Bàbá ò tíì gbọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n náà ń dúró de ọjọ́ tí wọn ò ní lè gbọ́ mọ́ ni.

Ìpín ọkọ ìyá yẹn ni ilẹ̀ náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbin kòkó ibẹ̀, ọkọ kú kó tó so, ìyá náà sì dá a tọ́jú títí ó fi ń so. Ọmọbìnrin méjì ló bí, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń kàwé ní Apẹtẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ilé ló ń jẹ́rìí ẹni tó gbin igi, ẹni tó sì gbìn ín ló ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rìí yẹn ń darúgbó, wọ́n ń kú. Àwọn ẹlẹ́rìí tèmi tí kì í kú, irọ́ ni mo rán wọn. Bí Bàbá bá lọ báyẹn, oko ìyá náà ti lọ nìyẹn, èmi ni mo sì fi ọwọ́ mi gbé e fún wọn. 

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo dé abúlé. Ìyá ń fẹsẹ̀ tú kòkó tó sá sórí ẹní, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ọmọ Bàbá tó wà ní Èkó. Mo ní kò le, kí a jọ lọ bá Bàbá ní Àpáta, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, kí n sì kọ orúkọ tirẹ̀. Ó ní òun ò lọ.

Mo rò pé kò yé e ni. Mo tún un sọ. Ó ní ó yé òun. Ó ní orúkọ ẹni tó ń ṣàìsàn, tó ṣì wà láàyè, òun ni yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé? Kí àwọn èèyàn wá máa wí pé kí Bàbá tó kú ni òun ti pa orúkọ wọn rẹ́? Nígbà tí ọkọ òun kú, tí àwọn kan ní kí òun máa lọ sílé bàbá òun, Bàbá ló dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò lè lé ìyàwó àwọn. "Ọmọ mi, igi ni kòkó," ló wí. "Tí wọ́n bá gbà á, wọ́n gba igi."

Inú bí mi. Mo bi í pé igi náà ni ọmọ rẹ̀ tó wà ní Apẹtẹ́ bí? Ó ń tú kòkó rẹ̀ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé gbogbo ọ̀nà láti Olúyọ̀lé ni mo fi ń bú ìwé ara mi, pé ká ní ìwé lásán ni, èèyàn ì bá fa orúkọ kan ya kó kọ òmíràn sí i, wàhálà ì bá ti tán. Mo dìde, mo ń wá bàtà mi, ìbínú yẹn náà ló ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi.

"Kò tilẹ̀ ṣeé pa rẹ́, Ìyá. Bí èmi àtẹ̀yin tiẹ̀ fẹ́, kò ṣeé ṣe. Orúkọ wọn á wà lókè níbẹ̀. Tiyín á kàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú kòkó. Ó béèrè pé tiwọn ni yóò wà lókè? Mo ní títí ayé. Ó ní bí èèyàn bá ṣí i lókè òkun ńkọ́, tiwọn ni yóò kọ́kọ́ rí? Mo ní bó bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, tiwọn ni yóò kọ́kọ́ kàn, á wá rí i pé àwọn fúnra wọn ló ní kí a kọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó jáde lórí ẹní, ó gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nù.

"Kí ló dé tí o ò ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀? Dúró, kí n pààrọ̀ aṣọ."

Ní Àpáta, Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí Ìyá, wọ́n bi í pé oko ẹ̀yìn odò, ta ló ni ín. Ìyá wà lórí ìkúnlẹ̀. "Tiyín ni, Bàbá." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní ṣé mo ti rí i, wọ́n ní kí n ṣí fóònù mi. Mo gbé ẹ̀rọ àtàǹpàkò jáde, kò mú un, iṣẹ́ oko ti pa ìlà ọwọ́ wọn rẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ yẹn lábúlé, ó rọra mú un. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu nígbà náà, ohùn wọn ni n ó gbà. Wọ́n gbé ara wọn jókòó dáadáa.

"Èmi ni olórí ilé wa. Oko tó wà lẹ́yìn odò, ìpín àbúrò mi ni. Ìyàwó rẹ̀ ló gbin kòkó ibẹ̀, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ni ín. Ẹni tó bá ti ara mi jáde, kó má ṣe dí i lọ́wọ́."

Ohùn wúwo jù láti kó sínú ìwé bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibì kan la ń tọ́jú ohùn sí, àmì rẹ̀ la ń kọ sínú ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá gé ohùn náà kúrú tàbí tó fi nǹkan kún un, kò ní bá àmì náà mu mọ́. Nítorí náà mi ò gé ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi sílẹ̀, orúkọ ìyá náà sì wọlé sábẹ́ ti Bàbá. Ọmọbìnrin Bàbá ya fọ́tò fún òyìnbó ṣokoléètì. Bàbá ló wà lórí àga láàárín, àgbẹ̀ tí wọ́n ń béèrè wà lẹ́yìn wọn, ó di ẹ̀yìn àga mú. Mo ṣàlàyé fún òyìnbó náà pé ẹni tó dúró ni kó wò.

Láti ìgbà náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ẹni tó ni oko mọ́. Ẹni tó ń kọ́kọ́ dé oko láàárọ̀ ni mò ń béèrè, màá béèrè ẹni tó gbin igi, màá béèrè ẹni tí wọ́n máa ń ké pè tí ẹran bá wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá tó béèrè orúkọ olórí ilé, màá sì kọ ọ́ síbi tó tọ́ sí i. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní mo ti di lọ́yà, pé wọ́n á ti mu gaàrí tán kí n tó parí oko kan. Mo ní kí wọ́n máa mu gaàrí wọn. Orúkọ obìnrin tó wà nínú ìwé wa báyìí, wọn ò lè kà á tán nínú ìsinmi ọ̀sán.

Bàbá kú kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ wọn tó wà ní Èkó wá bá mi ní Olúyọ̀lé, ó mú ìwé awọnlẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ó múra dáadáa, kò sì fi ohùn líle bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun rí orúkọ kan nísàlẹ̀ ti bàbá òun, àṣìṣe ni, kí n bá òun yọ ọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ ńkọ́? Mo ní èmi náà ò lè yọ ọ́. Ó ní ta ló wá ní kí n kọ ọ́? Mo ní, "Bàbá yín ni, sà. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ."

Mo fi ohùn náà sí i. Ó dorí kodò, ó ń gbọ́. Nígbà tó kan ibi ẹni tó bá ti ara mi jáde, ó gbé ọwọ́ sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ oko parí, ohùn náà ò tíì parí, nítorí ó pẹ́ kí n tó pa fóònù lọ́jọ́ náà. Bàbá wúkọ́. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé fóònù ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ báyìí, "Ẹ fún mi lómi."

 Ọkùnrin náà ká ìwé awọnlẹ̀ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò. Ó ní kí n bá òun sọ fún ìyá àwọn lábúlé pé ẹnikẹ́ni ò ní mú àlejò wá sẹ́yìn odò mọ́. Mo ní màá jíṣẹ́ náà fún un. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó.

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún fi ibi tí wọ́n ti béèrè omi yẹn sí i.